Lẹ́tà Gàdàgbà Kọ́ Ni Òtítọ́

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wọ kíláàsì, lẹ́tà kan ṣoṣo lè mú kí òógùn bo yín. Nísinsìnyí, ẹ lè ka orúkọ yín. Ẹ lè ka lẹ́tà tí ọmọ yín kọ láti ìdálẹ̀. Ẹ kò bẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ pé kó wá bá yín kà á. Ó kù ká jùmọ̀ ka ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà tí a fi ń kà á. Ọgbọ́n náà ni ẹ̀kọ́ ti òní.

Bí ẹ bá ṣí ìwé ìròyìn, ohun tí ojú yín yóò kọ́kọ́ rí ni ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sókè. Àkọlé ìròyìn là ń pè é. Iṣẹ́ tí àkọlé ń ṣe kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ agogo tí akéde ń lù káàkiri ìlú. Bí akéde bá lu agogo, gbogbo wa a jáde síta. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ gbọ́ ìró agogo nìkan, kó sáré wọlé, kó sọ fún aya rẹ̀ pé, "Wọ́n ti fi kún owó orí"? A ní láti dúró kí akéde la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ìwé ìròyìn. Àkọlé ni agogo. Ìròyìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọba rán.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò wo àwọn ìròyìn àtijọ́ kan àti àkọlé wọn. A óò sì máa fi ojú inú wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí gbogbo ènìyàn bá gbà wọ́n gbọ́, tí wọ́n sì dìde tẹ̀ lé wọn. Púpọ̀ nínú wọn yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹkún.

1. ÌWÉ ÌRÒYÌN ÀKỌ́KỌ́ NÍ ILẸ̀ WA

Ìwé ìròyìn kì í ṣe ohun àná láàrin wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, àlùfáà Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S., tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ohun tí Townsend ń fẹ́ ni pé kí ó di àṣà àwọn ènìyàn láti máa kàwé kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní 1867, rògbòdìyàn dé sí Abẹ́òkúta, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde níbẹ̀. Ìfọ́lé ni a ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Bí ìwé ìròyìn náà ṣe dákẹ́ nìyẹn.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn tó mọ̀wé kò pọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ni yóò kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni. Lónìí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kà nílé yín. Ohun tí ẹ bá kà sókè ni àwọn ará ilé yóò gbà gbọ́. Ẹ ti di akéde.

2. ÀWỌN ARÁ ÒṢÙPÁ

Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn kan wà tí ń jẹ́ The Sun, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Oòrùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1835, Oòrùn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Òṣùpá. Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín ìròyìn náà sí. Wọ́n ní John Herschel, ọ̀mọ̀wé tí ń wo ìràwọ̀, tó wà ní Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, ti ṣe awò ńlá kan tí a fi ń wo òkèèrè. Wọ́n ní dígí awò náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Wọ́n ní nígbà tó fi wo òṣùpá, ó rí igbó, ó rí òkun, ó rí ewúrẹ́ oníwo kan. Ó rí ẹranko tí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tó sì ń dáná nínú ahéré rẹ̀. Ní ìparí, wọ́n ní ó rí àwọn ènìyàn abìyẹ́, tí ìyẹ́ wọn dà bí ti àdán.

Àwọn ará New York ń jìjàdù àtira ìwé náà. Òótọ́ ni pé John Herschel wà. Òótọ́ ni pé ó wà ní Gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Richard Adams Locke, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn náà, ni a gbà pé ó jókòó ti tábìlì rẹ̀, tó ronú gbogbo rẹ̀, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wò ó. Ká ní òótọ́ ni, àwọn agbowó-orí ni ìbá kọ́kọ́ gbéra lọ sí òṣùpá. "Ẹ̀yin ará ibí, mélòó ni yín? Ìwé owó orí yín dà?" Ṣùgbọ́n kí agbowó-orí tó ṣí ìwé rẹ̀, gbogbo ìlú a ti na ìyẹ́, wọ́n a ti fò gba orí òkè lọ. Télọ̀ a tẹ̀ lé e. Télọ̀ a wọn èjìká ará òṣùpá, a wọn àyà rẹ̀, a wá họ orí: "Ọ̀gá, níbo ni kí n ti dá ihò ìyẹ́ sí lára bùbá yìí? Owó ihò méjèèjì sì yàtọ̀ o!" Àwa tó wà nílé ńkọ́? Obìnrin tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn lábẹ́ òṣùpá ní láti kọ́kọ́ gbójú sókè, kó wò ó bóyá ẹnì kan ń tẹ́tí láti òkè.

Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn mìíràn fi sọ pé irọ́ ni. Nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ òṣùpá. Òkúta àti eruku ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò sí ewúrẹ́. Kò sí igbó. Kò tilẹ̀ sí afẹ́fẹ́ tí abìyẹ́ kan lè fi fò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn òǹkàwé ìgbà náà bi ara wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu Herschel fúnra rẹ̀?"

3. ỌKỌ̀ TÍ WỌ́N NÍ KÒ PA ẸNIKẸ́NI

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1912, ọkọ̀ òkun Titanic ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí New York. Ó kọ lu òkè yìnyín kan tó léfòó lórí òkun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 15, ó ti rì.

Ní ọjọ́ 15 yẹn kan náà, àwọn ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kan jáde. Lẹ́tà gàdàgbà tó wà lókè wọn sọ pé a ti gba gbogbo èrò inú Titanic là. Wọ́n tún ní ọkọ̀ mìíràn ti ń fà á lọ sí èbúté Halifax ní Kánádà. Ní wákàtí tí wọ́n ń ta ìwé yìí, Titanic ti wà nísàlẹ̀ òkun. Ènìyàn bí 2,200 ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 1,500 ló bá a lọ. Nǹkan bí 700 péré ni ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Carpathia rí kó.

Báwo ni àṣìṣe yìí ṣe wáyé? Wáyà aláìlókùn ni àwọn ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ ọ̀kan ń dàpọ̀ mọ́ ti èkejì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà sì ti gbà lọ́kàn wọn pé ọkọ̀ yẹn kò lè rì. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́ ni wọ́n gbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ìwé ìròyìn tẹ̀.

Ní ìlú Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ti wá, àwọn ìyá àti aya dúró níwájú ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ń dúró de orúkọ. Bí wọ́n bá lẹ ìwé orúkọ mọ́ ara pátákó, wọ́n a sún mọ́ ọn, wọ́n a wá orúkọ ènìyàn wọn. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n a tún dúró.

Ẹ rò ó wò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀wé ní àdúgbò. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà sáré tọ̀ yín wá. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìwé wí?" Ẹ wo òkè, ẹ ka lẹ́tà gàdàgbà, ẹ ní, "Ìyá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Gbogbo wọn ló là." Ìyá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ síléé, ó ń se oúnjẹ de ọmọ. Ní ọjọ́ kejì ńkọ́? Ojú wo lẹ ó fi wò ó? Ẹyin lohùn. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìbá sàn kí ẹ sọ fún un pé, "Ìyá, ìwé ní wọ́n là, ṣùgbọ́n n kò tíì rí orúkọ kankan. Ẹ jẹ́ ká dúró de orúkọ."

4. ẸNI TÓ WỌLÉ ÀTI ẸNI TÍ KÒ WỌLÉ

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1948, àwọn ará Amẹ́ríkà dìbò láti yan Ààrẹ. Harry Truman ló wà lórí oyè. Thomas Dewey ń bá a du ipò náà. Gbogbo àwọn onímọ̀ ló ń sọ pé Dewey ni yóò wọlé.

Ìwé ìròyìn kan wà ní Chicago tí ń jẹ́ Chicago Daily Tribune. Àwọn tó ń to lẹ́tà fún un ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Nítorí náà, ìwé náà ní láti tètè lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọn kò tíì ka ìbò tán. Olóòtú ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìwé ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá jáde. Lẹ́tà gàdàgbà ní: Dewey borí Truman. Ẹ̀dà bí 150,000 ni wọ́n ti tẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Truman ní 303, Dewey ní 189 nínú ìbò àwọn aṣojú tí ń yan Ààrẹ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Truman ń wọ rélùwéè padà sí Washington, ó dúró ní ìlú St. Louis. Ó gbé ìwé ìròyìn yìí sókè pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò náà ṣì wà títí dòní, ẹ̀rín náà kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wò ó pé Dewey gba ìwé yìí gbọ́. Ó dì ẹrù rẹ̀. Ó pe onílù. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé Ààrẹ ní òwúrọ̀ kùtù, ó kan ilẹ̀kùn. Truman yọjú pẹ̀lú aṣọ oorun.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta lẹ ń wá?"

"Ìwé ìròyìn ló ní kí n máa bọ̀ wá gba ilé."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ẹrù yín kalẹ̀ síta níbẹ̀ ná. Bí ìwé ìròyìn náà bá dé, kó wá fi yàrá tó kọ́ fún yín hàn yín."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ohun tó ṣe Chicago Daily Tribune nìyẹn. Àwa náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá bá yín ní ọjọ́ ìdìbò, tó ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, lágbájá ti wọlé," ẹ bi í pé, "Ṣé wọ́n ti ka tèmi?" Kí ẹ sì lọ dìbò yín.

5. LẸ́TÀ SẸ̀GILỌLÁ

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Ní Èkó, ìwé ìròyìn kan wà tí ń jẹ́ Akéde Èkó. Isaac B. Thomas ni olóòtú rẹ̀. Ní 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Ẹni tí wọ́n ní ó kọ wọ́n ni Sẹ̀gilọlá. Ó jẹ́ obìnrin tó ti rẹwà rí, tó fi ìgbà èwe rẹ̀ bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe fàájì. Nígbà tó ń kọ lẹ́tà, àìsàn àti òṣì ti dé bá a. Ó ń sunkún, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn ènìyàn lára. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé Sẹ̀gilọlá wà ní àdúgbò kan ní Èkó. Àṣé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀! Ní 1930 ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹ fi ojú inú wo àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun kan ní Èkó ìgbà náà. Ní ọjọ́ tí Akéde Èkó bá máa jáde, àwọn ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á. "Ẹ̀dà mélòó ló kù? Kó gbogbo rẹ̀ fún mi." Wọ́n a jókòó sábẹ́ igi, wọ́n a máa fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá orúkọ wọn yóò jáde. Bí aya bá ní, "Bàbá, kí ló wà nínú ìwé lónìí?" wọ́n a ká ìwé pọ̀. "Kò sí nǹkan kan. Iye owó kòkó ni." Aláìmọ̀wé ni wọ́n rí tàn bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá tó wà ní kíláàsì wa!

Thomas kò fẹ́ fi ìwé rẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lára. Ìtàn tó fi kọ́ni lọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹkàwé máa bi ara rẹ̀ léèrè pé: ìròyìn ni mò ń kà ni, àbí ìtàn, àbí ìpolówó ọjà? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nínú ìwé kan náà, lójú ewé kan náà.

6. ẸNI TÍ ÌWÉ ÌRÒYÌN PA LÁÌKÚ

Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo ayé ń pè ní Zik, mọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn dunjú. Òun ló dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. Òun ló sì di Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1963. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Zik ti kú. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde. Bàbá sì wà láàyè! Ó lo ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ sí i kó tó dágbére fáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996.

Ẹ fi ojú inú wo ilé bàbá àgbàlagbà kan, ẹnikẹ́ni ni ìbáà jẹ́, tí ìwé ìròyìn pa bẹ́ẹ̀. Bàbá ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Àwọn àna dé pẹ̀lú ẹkún. Bàbá bọ́ síta.

"Ẹ kú ìrìn o. Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ó mà ṣe o! Ìgbà wo?"

"Àná ni, bàbá. Ó wà nínú ìwé."

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ̀kọ mi tán, kí n wá bá yín sunkún."

Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò san owó aṣọ ẹbí tí wọ́n ti rà? Ẹlẹ́mu ní òun kò gba ẹmu padà. Gbogbo wọn bá ń wo bàbá bí ẹni tó dá wọn lóró pé kò kú.

A lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ kan lè wà ní ìdálẹ̀ tó ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, tí ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí tí yóò fi délé. Ọ̀rọ̀ ikú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo kó tó rò ó fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ènìyàn.

7. "OKO TUNTUN DE SI EKO"

Kì í ṣe olóòtú nìkan ló ń ṣini lọ́nà. Òǹkàwé náà lè ṣi ara rẹ̀ lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́, wọn kì í sábà fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àkọlé tó wà lókè yìí, àwa la rò ó, kì í ṣe ti ìwé ìròyìn kankan. Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan bí wọ́n bá kà á láìwo ìsàlẹ̀.

Àgbẹ̀ kà á, ó ní: "Ọkọ́ tuntun dé sí Èkó." Ó mú owó, ó fẹ́ lọ ra ohun tí yóò fi ro oko. Awakọ̀ kà á, ó ní: "Ọkọ̀ tuntun dé sí Èkó." Ó fẹ́ lọ yá owó. Ọdẹ kà á, ó ní: "Ọ̀kọ̀ tuntun dé sí Èkó." Ó ń ronú ẹfọ̀n tí yóò fi gún. Ìyá Àjàyí, tí ọkọ rẹ̀ kò fún lówó ọbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kà á ní tirẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó gbé báàgì.

"Ìyá Àjàyí, níbo lò ń lọ ní kùtùkùtù báyìí?"

"Èkó ni, Bàbá Àjàyí. Wọ́n ní tuntun ti dé."

"Tuntun kí ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n jù, n ó padà wálé."

Bàbá Àjàyí gba ìwé ìròyìn náà, ó kà á. Kò sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó yọ, owó ọbẹ̀ oṣù mẹ́ta ti wà lórí tábìlì.

Ká ní ẹnì kan nínú wọn ti ka ìlà àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ àkọlé, yóò rí i níbẹ̀ pé: "Bọ́ọ̀sì mẹ́wàá tí yóò máa kó èrò..." Gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá ti yanjú. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí dáadáa, kí ẹ kà wọ́n sókè:

ọkọ: ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin
ọkọ́: irin tí a fi ń ro ilẹ̀
ọkọ̀: ohun tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò
ọ̀kọ̀: ohun tí ọdẹ tàbí jagunjagun fi ń gún nǹkan
oko: ibi tí a ń gbin nǹkan sí

8. OHUN MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KÁ MÁA ṢE

1. Ka ìròyìn dé ìsàlẹ̀. Má ṣe ti orí agogo padà. Ìyá Àjàyí kò ka ìsàlẹ̀.
2. Wo ọjọ́ àti àkókò. Ṣé nǹkan náà ti parí kí wọ́n tó kọ ọ́? Wọn kò tíì ka ìbò Truman tán.
3. Bèèrè pé, "Ta ló sọ ọ́? Ta ló fi ojú rí i?" Herschel kò sọ ọ̀rọ̀ àwọn ará òṣùpá.
4. Bèèrè pé, "Ìròyìn ni, àbí ìtàn, àbí ìpolówó?" Rántí Sẹ̀gilọlá.
5. Wá ibòmíràn tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn, dúró de orúkọ. Rántí àwọn ìyá tó dúró ní Southampton.

Lónìí, ìròyìn kì í dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Ó ń gba inú fóònù wọlé, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Ẹnì kan a tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀rẹ́ mẹ́wàá, mẹ́wàá a di ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó jẹun tán. Àwọn lẹ́tà gàdàgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun márùn-ún yìí náà ló bá a wí.

A kò ní kí ẹ má ka ìwé ìròyìn o. Ìwé ìròyìn kan náà tó ń ṣe àṣìṣe ló ń sọ iye ọjà fún wa, òun ló ń sọ òfin tuntun, òun ló ń sọ ọjọ́ tí wọn yóò fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí kò bá kà á yóò máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu elòmíràn, bó ti wu onítọ̀hún láti sọ ọ́. Ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí àwọn ará ilé yín ń dúró de ohun tí ẹ ó sọ.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

àkọlé: ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí ìròyìn
olóòtú: ẹni tó ń tún ìwé ìròyìn ṣe, tó sì ń pinnu ohun tí yóò jáde
ẹ̀dà: ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ tí a tẹ̀
ìtàn àròsọ: ìtàn tí ènìyàn fi ọkàn ara rẹ̀ rò
ìpolówó: ọ̀rọ̀ tí a fi ń ta ọjà

ÌBÉÈRÈ

1. Ní ọdún wo ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde? Ní ìlú wo?
2. Kí ni Armstrong àti Aldrin bá ní òṣùpá?
3. Kí ló fà á tí Chicago Daily Tribune fi tètè tẹ ìwé rẹ̀?
4. Ta ló kọ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá ní tòótọ́?
5. Ọdún mélòó ni Zik lò láyé lẹ́yìn tí ìròyìn ti ní ó kú?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Mú ìwé ìròyìn kan wá sí kíláàsì. Ka àkọlé kan sókè. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sọ ohun tí wọ́n rò pé ó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka gbogbo ìròyìn náà fún wọn. Ẹ ka iye ẹni tó gbà á àti iye ẹni tó ṣì í. Ẹni tó bá ṣì í kò jẹ gbèsè. Kó sáà rẹ́rìn-ín, kó sì tún un kà.